Àmì Kì í Dá Ṣiṣẹ́

Láti Tanke, nílùú Ìlọrin, la ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Àṣìṣe tèmi gan-an ni ìtàn tòní ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, a ṣe fọ́ọ̀mù kékeré kan fún àwọn olùgbọ́ wa: orúkọ, àdúgbò, nọ́ńbà fóònù. Orúkọ àti àdúgbò nìkan ló yẹ kó hàn lójú ìwé wa. Nínú kóòdù, kíláàsì kan ló dúró fún olùgbọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan nǹkan wọ̀nyí sì jẹ́ property lára rẹ̀. A wá lẹ àmì kan tí a fọwọ́ ara wa ṣe mọ́ nọ́ńbà fóònù. A pè é ní Aṣírí: ohun tó bá ti ní àmì yìí kò gbọdọ̀ hàn síta.

Lọ́jọ́ kan, mo ń tún kóòdù náà tò, àmì náà sì bọ́ sọnù. Kò sí ohun tó pariwo. Gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó dalẹ́, arábìnrin kan pè wá: "Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ fún ní nọ́ńbà mi? Àwọn ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí ló ń pè mí látàárọ̀." Ojú tì mí gan-an.

Ẹ rántí ilà ojú. Samuel Johnson ṣàlàyé àbàjà, gọ̀mbọ́ àti pélé nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ilà kò lẹ́nu. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ló ń sọ pé ọmọ ibi báyìí nìyí. Láìsí ẹni náà, àpá lásán ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni attribute rí nínú C#.

Ta ló wá ń kà á? Reflection ni, ìyẹn agbára tí kóòdù ní láti wo ara rẹ̀ bí ẹni wo dígí. Brian Cantwell Smith ṣàlàyé èrò yìí nínú iṣẹ́ ìwádìí tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní MIT ní 1982. Ní 1997, Kent Beck àti Erich Gamma wà nínú ọkọ̀ òfurufú láti Zürich sí Atlanta, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ JUnit. Reflection ló fi ń wá àwọn ìdánwò tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "test". Bí ìka rẹ bá ṣì, tó o kọ "tset" láàárín àwọn yòókù, á fò ó láìsọ fún ẹ. Ní 2002, Microsoft gbé .NET àti C# jáde, ẹnikẹ́ni sì lè ṣe attribute tirẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni NUnit 2.0 fi orúkọ sílẹ̀, tó ń wá àmì Test. Java gba irú àmì yìí ní 2004, JUnit 4 sì tẹ̀lé e ní 2006.

Lẹ́yìn ìtìjú yẹn, a kọ ìdánwò méjì. Èkíní fi GetProperty mú nọ́ńbà fóònù, ó sì fi GetCustomAttribute bi í bóyá Aṣírí wà lára rẹ̀. Bí ó bá dáhùn null, kóòdù kò ní jáde. Ṣùgbọ́n èyí kàn fi hàn pé àmì wà níbẹ̀ ni, kò fi hàn pé ẹnì kan ń kà á. Ìdí nìyẹn tí èkejì fi dá olùgbọ́ irọ́ sílẹ̀, ó fún un ní nọ́ńbà irọ́, ó wá lọ wá nọ́ńbà náà lójú ìwé tí gbogbo ayé ń rí. Bí ó bá rí i, a ti kùnà.

Arábìnrin yẹn ti pààrọ̀ nọ́ńbà rẹ̀. A bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà, àmọ́ nọ́ńbà tí ìyá rẹ̀ há sórí ti lọ nìyẹn. Tí nọ́ńbà ẹlòmíì bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ ìdánwò méjèèjì lónìí. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.