Iṣẹ́ Ẹrú, Iṣẹ́ Ọmọ: Ìtàn Áńpìlífáyà Quad

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìtumọ̀ òwe yìí kò ṣòro: ẹni tí a rán kò gbọdọ̀ kó ọ̀rọ̀ kòbákùngbé dé iwájú ẹni tí a rán an sí gẹ́lẹ́ bí ó ṣe bọ́ lẹ́nu ẹni tó rán an. Ó ní láti tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ òwe yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń jiyàn lé lórí láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn nípa áńpìlífáyà, ẹ̀rọ tí í sọ ìró tín-ín-rín inú àwo orin di ohùn tó kún inú ilé. Ṣé kí ẹ̀rọ jẹ́ iṣẹ́ bí a ṣe rán an ni, àbí kí ó tún un ṣe kí ó lè dùn létí?

Ó dá Peter Walker, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1916, lójú pé kí ẹ̀rọ jẹ́ iṣẹ́ bí a ṣe rán an ni. Ní 1936 ni ó dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù lé wọn kúrò níbẹ̀, wọ́n sì kó lọ sí ìlú Huntingdon ní 1941. Lẹ́yìn ogun ni Walker kọjú sí àwọn tí ń gbọ́ orin nínú ilé, ó sì pe ẹ̀rọ rẹ̀ ní Quad.

Àwọn kan ti la ọ̀nà sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Fáàfù, ohun tó jọ gílóòbù iná, tí Lee de Forest ará Amẹ́ríkà fi ẹ̀yà kẹta sínú rẹ̀ ní 1906, lè sọ ìró kékeré di ńlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láìbu iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Lórí wáyà tẹlifóònù tó gùn, níbi tí áńpìlífáyà púpọ̀ ti ń gba ohùn lọ́wọ́ ara wọn, iyọ̀ náà a di àpọ̀jù. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ, 1927, Harold Black, òṣìṣẹ́ Bell Labs, wà nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé e sọdá odò Hudson lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí èrò kan sọ sí i lọ́kàn: kí a bù díẹ̀ nínú ohun tó jáde láti inú ẹ̀rọ, kí a dorí rẹ̀ kodò, kí a sì dá a padà sí ẹnu ọ̀nà tí ìró ń gbà wọlé, kí ẹ̀rọ lè fi í wé iṣẹ́ tí a rán an, kí ó sì tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe. Orí ìwé ìròyìn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sí. Agbára ẹ̀rọ a dín kù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ rẹ̀ náà a dín kù. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni D. T. N. Williamson gbé áńpìlífáyà tí ó ṣàlàyé nínú ìwé Wireless World ní 1947 lé. Orí rẹ̀ náà ni Walker gbé Quad II lé ní 1953, oní-fáàfù, tí agbára rẹ̀ kò ju wáàtì 15 lọ. Ní 1967 ni Quad 303 oní-tìrànsísítọ̀ tẹ̀ lé e.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn jù lójú mi ni Quad 405 tó jáde ní 1975. Méjì-méjì ni àwọn tìrànsísítọ̀ tí ń gbé ẹrù nínú áńpìlífáyà máa ń ṣiṣẹ́: ọ̀kan ń tì, èkejì ń fà. Ibi tí ọ̀kan ti ń gbé ẹrù lé èkejì lọ́wọ́ ni ìkọsẹ̀ máa ń wà, etí a sì gbọ́ ọ, pàápàá nígbà tí orin bá rọlẹ̀. Àtúnṣe tí àwọn aṣẹ̀rọ mọ̀ ni kí iná díẹ̀ máa gba inú méjèèjì kọjá nígbà gbogbo, kí ọ̀kan má baà sùn kí èkejì tó jí. Ṣùgbọ́n ooru a mú ẹ̀rọ, ẹnìkan a sì ní láti fara balẹ̀ wọn iná náà kí ó má pọ̀ jù, kí ó má sì kéré jù. Ọ̀nà mìíràn ni Walker àti Michael Albinson gbà. Wọ́n fi áńpìlífáyà kékeré kan tó péye, tí kò lágbára, ti àwọn tìrànsísítọ̀ ńlá tó lágbára ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ wọn kò mọ́. Àwọn ńlá ń gbé ẹrù; kékeré ń ṣọ́ wọn, ó sì ń dí àlàfo èyíkéyìí tí wọ́n bá fi sílẹ̀. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ, ni Yorùbá wí. Àwọn wọ̀nyí yan onímèrò kékeré ṣe ọ̀gá alágbára. Wáàtì 100 ni ó ń mú wá ní apá kọ̀ọ̀kan, kò sì sí pé ẹnìkan ń wọn iná kankan mọ́. Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àmì-ẹ̀yẹ dá ilé-iṣẹ́ náà lọ́lá nítorí rẹ̀ ní 1978. BBC pàápàá fi 405, tí wọ́n tún ṣe díẹ̀, sára sípíkà LS5/8 tí wọ́n ń lò ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ wọn.

Ní ọdún 1978 kan náà ni Wireless World gbé àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n pe àwọn tó gbọ́n nínú ìgbọ́rọ̀ orin jọ, wọ́n sì ń fi Quad II, 303 àti 405 gbé orin fún wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí ń ṣiṣẹ́. Wọn kò lè fi etí nìkan yà wọ́n sọ́tọ̀. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn sí èyí, nítorí pé owó kékeré kọ́ ni àwọn olólùfẹ́ fáàfù ń ná, wọ́n sì gbà pé fáàfù a máa mú orin móoru, kí ó rọ̀ létí. Ní tèmi, n kò bá ẹni tó bá fẹ́ orin rírọ̀ nínú ilé tirẹ̀ jà. Owó rẹ̀ ni, etí rẹ̀ sì ni. Àmọ́ ṣá o, ọ̀rọ̀ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ń gba ohùn oníjàálá tàbí ti ìyáàlù sílẹ̀ fún àwọn tí a kò tíì bí, tí ẹ̀rọ tí ó fi ń gbọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀ sì ń pọ́n ọn lé, kò ní mọ̀ pé awọ ìlù ti dẹ̀ tàbí pé ohùn ti ha, títí tí àǹfààní àtúnṣe yóò fi kọjá. Níbẹ̀, iṣẹ́ ẹrú ni kí ẹ̀rọ jẹ́ bí ẹrú.

Ní 1995, Quad bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ó di ti ilé-iṣẹ́ IAG, tí ń ṣe é ní Ṣáínà. Walker kú ní 2003. Àwọn tó ni orúkọ náà báyìí ti padà ṣe Quad II oní-fáàfù jáde, wọ́n sì ń tà á pọ̀ mọ́ àwọn oní-tìrànsísítọ̀ lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo náà.