Ìlú Ló Sún, Igbó Ò Sún

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá bi ará Òṣogbo pé báwo ni ìlú wọn ṣe bẹ̀rẹ̀, ìtàn igi kan tó wó ni yóò sọ fún yín. Ìpólé ni Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ti wá. Ọ̀dá omi ló lé wọn kúrò nílé tí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun. Níbi tí wọ́n ti ń ṣán igbó kí wọ́n lè tẹ̀dó, igi kan wó sínú odò, ni ohùn kan bá ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ọ̀ṣun ní kí wọ́n kó sókè díẹ̀, kí wọ́n fi etí odò sílẹ̀ fún òun. Wọ́n sì kó.

Ẹ wò ó dáadáa o. Ìlú ló sún, igbó ò sún. Lójú tèmi, ìtàn yìí ni òfin àkọ́kọ́ tó dáàbò bo igbó Ọ̀ṣun, kí ìjọba kankan tó kọ òfin sínú ìwé. Èèwọ̀ ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ: a kì í dọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja, a kì í gégi.

Àmọ́ èèwọ̀ ò lágbára tí kò bá sẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1950, ojúbọ ti ń wó, àwọn àwòrò ti ń kúrò níbẹ̀, àwọn tó fẹ́ fi ilẹ̀ ṣòwò sì ti ń yọjú. Ìjọba amúnisìn tilẹ̀ gbin igi tíìkì, igi ilẹ̀ Éṣíà, sínú igbó náà.

Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria, dé Nàìjíríà ní ọdún 1950. Òun ni wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, tó kú ní 2009 lẹ́ni ọdún 93. Ó gbógun ti bíba igbó náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ pé òyìnbó nìkan ló gbà á là. Àtáọ́ja tì í lẹ́yìn, àwọn olórìṣà gbà á mọ́ra, àwọn ọmọ ìlú bíi Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà sì bá a fi sìmẹ́ǹtì mọ ère àti ògiri. Ojúbọ tí wọ́n tún mọ ń sọ fún ajagungbalẹ̀ pé ibí yìí lẹ́ni.

Òfin wá tẹ̀ lé e. Ní 1965, ìjọba sọ igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992, wọ́n fẹ ààlà rẹ̀ títí ó fi kó gbogbo hẹ́kítà 75. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé. Nǹkan bí 400 irú ewéko ló wà níbẹ̀, ó sì lé ní 200 nínú wọn tó wúlò fún oògùn.

Kí ló wá kan àwa tí à ń kọ́ Yorùbá? Ọ̀rọ̀ ni. Nínú ọfọ̀, orúkọ ewé gan-an ló ń ṣiṣẹ́: ẹni tí kò fẹ́ tẹ́ ló ń pe tẹ̀tẹ̀. Ewé àkòko ni wọ́n ń fi sórí ẹni tó bá joyè. Tí ewé bá run, tó ku orúkọ nìkan, a ó kàn máa há ọfọ̀ sórí fún ìdánwò bí ẹni tó ń ka orúkọ òkú ni.

Ogun mìíràn sì ti dé láti òkè odò. Àwọn tó ń wa góòlù ti sọ omi Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀, débi pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí aráàlú má mu ún. Ṣé ẹ rí i, hẹ́kítà 75 ní ààlà, odò ò ní. Ẹni tó ń da ẹrẹ̀ sómi lókè ò wọ igbó, kò gé igi kankan, síbẹ̀ ó ti rú èèwọ̀.

Nítorí náà, kí òfin tẹ̀ lé odò dé òkè. Àwa akéwì náà, kí kálukú lọ bá àwọn ìyá tó ń ta ewé àti egbò lọ́jà, kó kọ́ orúkọ ewé mẹ́wàá, kó sì mọ ewé náà lójú. Láròóyè tó jẹ́ ọba, ó sún fún odò. Ta wá ni àwa tí a ò ní sún?