Ìtọ́wò Ògógóró ní Gúúsù Èkìtì

Àdéhùn Saint-Germain ti ọdún 1919 fòfin de ọtí líle olówó pọ́ọ́kú tí àwọn oníṣòwò ń kó wọ Áfíríkà, ó sì de síse irú rẹ̀ ní àdúgbò pẹ̀lú. Nígbà tí ògógóró wá gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, inú igbó ni wọ́n ti ń sè é.

Ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, níbi tí ẹmu ọ̀pẹ ti wà lọ́pọ̀, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ìgò ògógóró kì í ní àkọlé. Ojú, imú àti ọ̀fun amutí ni ó ń dá a lẹ́jọ́. Wọn a gbọn ìgò, wọn a wo ìfófòó rẹ̀. Wọn a bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọn a ra á, wọn a gbóòórùn rẹ̀. Wọn a ta díẹ̀ sílẹ̀, wọn a ṣáná sí i. (Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà a máa rẹ ẹ̀tù ìbọn sínú ọtí kí wọ́n tó ṣáná sí i.) Agbára nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá. Èyí tó ta ni lọ́fun, tí òórùn ẹmu sì kù lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n ń yìn.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2015, ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tó kú ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Òǹdó. Àwọn kan kọ́kọ́ fọ́jú. Wọ́n ní òrìṣà ló ń bínú, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé methanol ni. Methanol náà ń gbaná, iná rẹ̀ sì ṣòro láti yà sọ́tọ̀ sí ti ọtí gidi. Ní oṣù kẹfà, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró, gẹ́gẹ́ bí ti 1919.