Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó: Ìtàn Ọ̀rọ̀-Ìṣe àti Arọ́pò-Orúkọ

Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó àti ní ìlú kéékèèké bí Ilu-Abo kò fi bẹ́ẹ̀ gba ẹnu òyìnbó wọlé. Ẹnu Yorùbá bíi tiwọn ló gbà. Ní 1872, John Glover tó ń ṣàkóso Èkó ṣí ọ̀nà ìlà-oòrùn tó gba Oǹdó kọjá, kí àwọn oníṣòwò lè yẹra fún ọ̀nà Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú tí wọ́n máa ń dí. Ìjọ CMS (Church Missionary Society) tọ ọ̀nà náà dé Oǹdó ní 1875. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Charles Phillips dé, àlùfáà tó jẹ́ ọmọ Yorùbá. Wọ́n fi í jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, iṣẹ́ Oǹdó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní 1906.

Àjèjì méjì ni ọmọ Oǹdó bá pàdé nílé ẹ̀kọ́ ìjọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ìkejì. Yorùbá inú ìwé ni ìkíní. Orí èdè Ọ̀yọ́ ni Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé Bíbélì Yorùbá kà, odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Nínú ẹ̀ka-èdè Oǹdó, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ “ẹ” àti “wọ́n”. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n ń sọ bọ̀ kò ní mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń bá wí tàbí àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ará Oǹdó kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ọlọ́pọ̀ pe àgbàlagbà kan ṣoṣo bí ará Ọ̀yọ́ ti ń ṣe. Ìdí nìyí tí ará Ọ̀yọ́ fi ń fẹ̀sùn àìlẹ́kọ̀ọ́ kàn wọ́n, ẹ̀sùn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí ìkúnlẹ̀ àti oríkì ni Oǹdó fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì ló tan “ẹ” ọ̀wọ̀ ká ibẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì wá gbé “you” kan ṣoṣo wá fún ọba àti ọmọ ọwọ́, àwọn ènìyàn fi “sà” àti “mà” dí àlàfo náà. Dókítà tó jẹ́ ẹni ogójì ọdún á sọ “sà” mẹ́ta nínú gbólóhùn kan bí ó bá ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ti Oǹdó, Ondo Boys’ High School, bẹ̀rẹ̀ ní 1919. Ní Àkúrẹ́, Aquinas College dé ní 1951, Oyemekun Grammar School ní 1953. Ṣùgbọ́n ọdún 1955 ló gbé Gẹ̀ẹ́sì dé àárín agbo ilé, nígbà tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọmọ pọ̀ ju olùkọ́ lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà náà ń kọ́ni, bó sì ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe ń kọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà. Ohun tó ń ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ àkókò: “ń”, “ti”, “máa”, “máa ń”. Àwọn wọ̀nyí ni olùsọ̀rọ̀ ń wá nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń sọ pé “ṣé o ń gbọ́ mi?” lórí fóònù á ní “Are you hearing me?”, bẹ́ẹ̀ òyìnbó kì í fi ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn hàn bí ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Ìyálọ́jà tó ní “I used to go to Ọjà Ọba every week” ṣì ń lọ. “Máa ń” rẹ̀ ló sọ, àmọ́ òyìnbó á rò pé ó ti jáwọ́. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni “I’m coming” tí ẹni tó ń jáde lọ máa ń sọ. “Mo ń bọ̀” ni, kò sì sí ará Àkúrẹ́ tó ń yà lẹ́nu.

Arọ́pò-orúkọ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. “Ó” kan náà ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti òjò, nítorí náà, àgbàlagbà tó kàwé á pe ìyàwó ara rẹ̀ ní “he” láìfura. Yorùbá kì í yí gbólóhùn padà láti fi olùṣe pamọ́. “Wọ́n” ló ń gbé e. Bí iná bá dé, ariwo tó máa sọ ni “They have brought light!”, kò sì sẹ́ni tí ń béèrè ta ni “they”. Ọmọdé tí bàbá rẹ̀ nìkan ń pè náà á gbọ́ “They are calling you.” Níbi ìgbéyàwó, wọ́n á gbàdúrà kí tọkọtaya “love themselves”, torí pé “ara wọn” kan náà ló ń ṣiṣẹ́ ìfẹ́ ara-ẹni àti ìfẹ́ ara-wọn. Ṣùgbọ́n Yorùbá náà mọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀: “ó ní òun ń bọ̀” àti “ó ní ó ń bọ̀” kì í ṣe ọ̀kan náà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi “he” kan ṣoṣo da méjèèjì pọ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì náà wọ inú Yorùbá. “Ó páàsì, ó ti páàsì, ó máa páàsì”: kò sí ẹni tó ń so ìrù àná mọ́ ọn. Arọ́pò-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kò rí ọ̀nà wọlé rárá. Èèyàn á sọ pé “mo ti register”. Kò ní sọ pé “I ti register” láé.

Nígbà tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976, tí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, sì bẹ̀rẹ̀ ní 1981, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi gbogbo mú pijín wá. Pijín kò ṣòro fún ará ìlú: “e” rẹ̀ kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin, bíi “ó” gẹ́lẹ́.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìjọba wọ́gi lé e, ó sì dá ìkọ́ni padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Àkúrẹ́ ni Ìgbìmọ̀ Orílẹ̀-èdè lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ti ṣe ìpàdé tí wọ́n ti ṣe ìpinnu náà.