Etíkun Tortuguero àti Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Ìjàpá Òkun

Ní Tortuguero, etíkun kan tó gùn tó nǹkan bí 35 kìlómítà ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Costa Rica, iṣẹ́ kan wà nígbà kan rí tí wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe é ní velador. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá, tí ìjàpá òkun ń gòkè wá yé ẹyin, agbaṣẹ́ṣe á pín yanrìn náà ní máìlì-máìlì, á sì fi ọkùnrin kọ̀ọ̀kan sórí máìlì tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, velador á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìjàpá tó bá pàdé, á ki ọwọ́ bọ abẹ́ igbá rẹ̀, á yí i kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹran tó wúwo ju 100 kílò lọ ni. Bó bá ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀ báyẹn, ó parí, kò lè yí ara rẹ̀ padà mọ́. Ibẹ̀ ni yóò ti máa fi apá gbá afẹ́fẹ́ títí ọkọ̀ olówò yóò fi dé. Wọn á wá so ìtì igi balsa mọ́ ọn, igi tó fúyẹ́ tó sì máa ń léfòó, wọn á jẹ́ kó wọ inú ìgbì. Igi tó léfòó yẹn ni àwọn inú ọkọ̀ á fi mọ ibi tó wà, tí wọn á fi fà á gòkè.

Ọbẹ̀ ló kó ìjàpá yìí sí wàhálà. Nígbà tí Columbus gba ẹ̀bá erékùṣù Cayman kọjá ní 1503, ìjàpá pọ̀ lójú omi débi pé Las Tortugas ló sọ ibẹ̀. Àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i nígbà tó yá pé ẹran yìí lè wà láàyè lórí ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìjẹun. Bó ṣe dé London láàyè nìyẹn, tí ọbẹ̀ rẹ̀ sì di oúnjẹ àsè àwọn ọlọ́lá. Kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, ti Cayman ti tán. Àwọn apẹja ibẹ̀ gba Cuba lọ. Nígbà tí ti Cuba náà ń tán, wọ́n forí lé àwọn erékùṣù kéékèèké Miskito lẹ́bàá Nicaragua, níbi tí ìjàpá ti ń jẹ koríko abẹ́ omi. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ̀ níbẹ̀, Tortuguero ni wọ́n ti ń yé.

Àwọn ọmọ Áfíríkà tí òwò ẹrú gbé dé Caribbean wà nídìí iṣẹ́ náà gan-an. Bí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe pa á nítàn, ní 1828 ni William Smith, apẹja ìjàpá tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà láti Bocas del Toro ní Panama, tẹ̀dó sí Cahuita, ní gúúsù etíkun Caribbean ti Costa Rica.

Archie Carr, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Florida, dé Tortuguero ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ó mọ bí a ṣe ń jókòó ti apẹja. Àwọn ọ̀gákọ̀ Cayman sọ fún un pé àwọn a máa fín àmì sí àyà ìjàpá, pé èyí tí wọ́n sì ti kó dé Florida tó sá lọ, wọ́n tún ti mú un rí níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ mú un. Kò sí ọ̀mọ̀wé tó tíì fìdí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà. Carr ò fojú pa wọ́n rẹ́. Ní 1955, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sára ìjàpá ní Tortuguero.

Àmì àkọ́kọ́ kò pẹ́ lára wọn. Ó lu ihò sí etí igbá ẹ̀yìn, ó fi wáyà so irin mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí akọ bá gun abo, irin á já dànù. Ni Carr bá mú irin pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń fi sí etí màlúù, ó kàn án mọ́ apá iwájú. Àdírẹ́sì yunifásítì wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ìlérí ẹ̀bùn owó: ẹni tó bá dá irin padà á gba 5 dọ́là. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, láti Nicaragua jù lọ, àti láti Colombia, Cuba, Mexico àti Venezuela. Apẹja tó pa ìjàpá jẹ ló ń fi irin ránṣẹ́. Ọwọ́ irú wọn ni ayé ti mọ ọ̀nà tí ìjàpá yìí ń rìn.

Ìwé Carr, The Windward Road, jáde ní 1956. Joshua Powers, atẹ̀wétà kan, fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí a mọ̀ lónìí sí Sea Turtle Conservancy ti ṣẹ̀ ní 1959. Ìjọba Costa Rica fòfin de pípa ìjàpá àti kíkó ẹyin ní etíkun náà ní 1963. Ní 1975, wọ́n sọ ibẹ̀ di ọgbà ìpamọ́ ìjọba.

Òfin kì í bọ́ ọmọ. Ilé iṣẹ́ tó ń la pákó ní abúlé Tortuguero kógbá sílé ní nǹkan bí àkókò yẹn, ìjàpá tí wọ́n ń pa tà sì ti di èèwọ̀. Àlejò ló kó àwọn ará abúlé yọ. Kò sí títì tó wọ Tortuguero; ojú omi ni àwọn ọ̀dọ́ arìnrìn-àjò tó pọn báàgì sẹ́yìn ń gbà wọlé, láti La Pavona tàbí Moín, tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò sùn àti ẹni tí yóò mú wọn lọ wo ìjàpá.

Amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè mú wọn lọ lóru, àlejò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 10 lọ. Aṣọ dúdú ni kí wọ́n wọ̀. Kámẹ́rà kò gbọdọ̀ yọ. Ẹnikẹ́ni kì í sún mọ́ ìjàpá nígbà tó ń gòkè, torí bí àyà rẹ̀ bá já, á padà sómi láìyé. Ìgbà tí ẹyin bá ti ń bọ́ ni kò bìkítà mọ́. Amọ̀nà á wá tan tọ́ọ̀ṣì pupa sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ló fi gbẹ́ ihò náà, tó ń fi wọ́n wa yanrìn jáde bí ẹni fi ìgbákọ bu ọkà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹyin funfun roboto ń já bọ́ ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, títí yóò fi tó nǹkan bí 100. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Iyọ̀ ara rẹ̀ ló ń tú dànù. Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá iwájú da yanrìn bò ó, ẹni tó bá dúró lẹ́yìn rẹ̀, yanrìn á bá a lójú.

Ṣùgbọ́n agbo àlejò tó ń rìn kiri lóru fúnra rẹ̀ ń dẹ́rù ba ìjàpá. Láti 2004 ni wọ́n ti gba àwọn ará abúlé síṣẹ́ atọpasẹ̀. Àwọn ló ń rin yanrìn. Bí wọ́n bá ti rí èyí tó ń yé, wọ́n á fi rédíò pe amọ̀nà, tí yóò kó àlejò gba ojú ọ̀nà tó wà lẹ́yìn etíkun. Owó tí àlejò ń san ni wọ́n fi ń sanwó fún wọn. Kí èèyàn mọ ipa tuntun yàtọ̀ sí ti àná nínú òkùnkùn, kó sì mọ ìgbà tí ìjàpá ń gbẹ́lẹ̀ àti ìgbà tó ń bò ó, ìmọ̀ velador ni. Ó yẹ kí a máa dárúkọ wọn nínú ìtàn Tortuguero bí a ṣe ń dárúkọ Carr.

Iṣẹ́ ṣíṣọ́ ìjàpá léwu síbẹ̀. Ní Moín, ní ìparí oṣù Karùn-ún 2013, wọ́n pa Jairo Mora Sandoval, ọmọ ọdún 26, níbi tó ti ń ṣọ́ ìtẹ́ ìjàpá. Ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ dá àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sílẹ̀ ní 2015. Nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ ní 2016, wọ́n dá mẹ́rin lẹ́bi.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2005 fi hàn pé iye ìtẹ́ ní Tortuguero ti ju ìlọ́po mẹ́rin ti 1971 lọ. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó tún ti ń já wálẹ̀. Ní Nicaragua, òfin ṣì gba àwọn ẹ̀yà Miskito àti àwọn aládùúgbò wọn láàyè láti mú ìjàpá jẹ, bí àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣe. Ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi ń mú un tẹ́lẹ̀. Àwọ̀n ló wọ́pọ̀ báyìí, wọ́n sì ń bá irin àmì Tortuguero lápá àwọn tí wọ́n mú.