Ẹyẹ Ìbàdàn, Aládùúgbò Wa

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹyẹ kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé àfi nílẹ̀ Yorùbá níbí? Ìbátan ẹ̀gà ni, dúdú ni, ṣùgbọ́n pupa wà lórí àti láyà rẹ̀. J. H. Elgood, olùkọ́ nípa ẹranko ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ fáyé gbọ́ ní 1958, tó sọ ọ́ ní Malimbus ibadanensis. Ní 1960 ó kọ̀wé lórí ẹyẹ ìgboro àti ọgbà ilé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé wa ló wà níbẹ̀. Ìwé rẹ̀ tó to ẹyẹ Nàìjíríà lẹ́sẹẹsẹ jáde ní 1982.

Wọ́n ti rí ẹyẹ Ìbàdàn yìí ní Ifẹ̀, ní Ìpèrú, àti ní Ìlaròó. Ìlaròó kẹ̀! Béèyàn bá wọ mọ́tò ní Ṣáńgò, tó gba Ifọ̀ àti Pápálantó, ó dé bẹ̀. Igbó ló fẹ́, igbó ọ̀hún ló sì ń di oko, tó ń di ilé, tó ń di fáktírì. Ó ti wà nínú ewu ìparun báyìí. Igbó inú ọgbà IITA n'Ìbàdàn wà lára ibi díẹ̀ tí wọ́n ṣì ti ń rí i. Ẹni tó bá rí i lọ́nà Ìlaròó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti rí i sílẹ̀.