Ta Ló Mọ̀ Ọ́ Níbí?

Tí ẹ bá ń wá yàrá ní Ìlaròó lónìí, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ: owó ẹ́jẹ́ǹtì, owó ágírímẹ́ǹtì, owó kọ́ṣọ̀n. Ẹni tó bá ti Benin wá tún máa gbọ́ ìbéèrè kan sí i: ta ló mọ̀ ọ́ níbí? Ìbéèrè yẹn ti wà ní ilẹ̀ Yewa kí ẹ́jẹ́ǹtì tó dé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìwé àdéhùn pín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó ń wo ojú Aláké­tu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlárá tiẹ̀ là sí méjì. Bí ọmọ ìyá ṣe di àjèjì síra wọn nìyẹn, láì kúrò lójú kan.

Lọ́dọ̀ Faransé, owó-orí le, iṣẹ́ tipátipá wà, wọ́n sì ń fi ipá kó ọ̀dọ́kùnrin wọ iṣẹ́ ológun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀ jálẹ̀, tí Faransé kó ọmọ ogun tì wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn sá wá sí ìhà tiwa. (Gẹ̀ẹ́sì náà ń gba owó-orí o, ẹ má rò pé áńgẹ́lì ni wọ́n.)

Ta ló wá gbà wọ́n sílé? Ẹni tó sá dé kò ní owó ilé lọ́wọ́. Ìbátan ló ń wá, tàbí ẹni tí oríkì wọn pa pọ̀. Ẹni yẹn á mú un lọ bá baálẹ̀ tàbí olórí ẹbí tó nílẹ̀, á ní, "Èmi ni mo mọ̀ ọ́n." Ágírímẹ́ǹtì parí. Wọ́n á fi ibi tó máa mọlé sí hàn án, wọ́n á fún un lóko, òun náà á máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá látinú ìkórè rẹ̀.

Àwọn kan ní ọ̀fẹ́ ni. Àwa ò gbà. Àtìpó lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo. Ṣùgbọ́n tó bá lóun fẹ́ gbin kòkó tàbí obì, ìjà dé, torí igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ lè sọ ẹni tó gbìn ín di onílẹ̀. Ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ, tirẹ̀ ni. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Bí onígbọ̀wọ́ rẹ̀ bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì lè gbọ́ "àlejò ni yín" lẹ́nu ẹni tí wọ́n jọ dàgbà.

Ọdún 1946 ni Faransé tó fòfin de iṣẹ́ tipátipá. Lónìí, àdéhùn ECOWAS ti 1979 gba ọmọ Benin láyè láti lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ níbí láìgba físà. Lándílọ́ọ̀dù kì í béèrè àdéhùn yẹn. Onígbọ̀wọ́ ló ń béèrè.